Ayọ̀délé Awójọbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n tí Kò Sá fún Gírísì

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ fi Port Harcourt ṣe ilé, tí ẹ ń lọ tí ẹ ń bọ̀ láàárín Diobu, Trans-Amadi àti Alesa-Eleme, kò sí ẹni nínú yín tí kò mọ Ikoku. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákẹ́ sójú títì, tí owó ẹ̀yà tuntun kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ. Ní ọjà yìí, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀ bí ìgbà tí alápatà bá kun màlúù. Ẹ ó rí jíà tí a yọ lára ọkọ̀ kan tí a ń fi sí ara òmíràn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ẹ ó sì rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò wo ìwé kankan, tí wọ́n ń fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó kàwé púpọ̀ kì í sábà dúró pẹ́ níbẹ̀. Wọn a san owó wọn, wọn a sì bá ọ̀nà wọn lọ, kí epo má baà ta sí wọn láṣọ.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ lónìí kàwé dé ibi tí ìwé kíkà pin sí, síbẹ̀ kò ka gírísì sí ohun àbùkù. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Olúwatúmininú Awójọbí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti jáde láyé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ níhìn-ín ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àfi bí bàbá tàbí ìyá wọn bá ti gbé Èkó ní àwọn ọdún 1970. Nígbà náà kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

A bí Awójọbí ní Oshodi, ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ nínú iṣẹ́ réluwé. Modákẹ́kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, ti wá. Òwò wẹ́wẹ́ ni ó ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Port Harcourt kò nílò kí a máa ṣàlàyé ohun tí réluwé jẹ́, nítorí ọ̀nà irin ni ó sọ ìlú yìí di ìlú: ní 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tó sì di 1916 ọ̀nà irin ti so èbúté rẹ̀ pọ̀ mọ́ Enugu níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ọmọ ọ̀gá ibùdókọ̀ a máa dàgbà sáàárín ariwo ẹ̀rọ. Yóò máa rí bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ tó ń fà á kúrò níwájú, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ẹ̀yìn, kí gbogbo rẹ̀ lè padà síbi tó ti wá láìjẹ́ pé ó ṣẹ́rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà kàn án.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fájì ni ó lọ láàárín 1942 àti 1947. Lẹ́yìn náà ni ó wọ CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kì í ṣe ìṣirò. Wọ́n fẹ́ ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣe é ni àìsàn gbé ẹni tó yẹ kí ó ṣe olú eré dè. Awójọbí gba ipò náà, ó sì há gbogbo eré náà sórí, ti ara rẹ̀ àti ti àwọn yòókù, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé, òun ni yóò rán an létí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Macbeth. Ní 1955, nígbà tó ṣe ìdánwò àṣejáde, ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ni ó ti gba máàkì tó ga jù lọ.

Ọ̀nà rẹ̀ kò tún wọ́ mọ́ láti ibẹ̀. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ó sì fi físíìsì àti ìṣirò oríṣi méjì gba àmì ẹ̀yẹ ní 1958. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Zaria, ní ibi tó di Yunifásítì Ahmadu Bello lẹ́yìn náà. Òun náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ti mọ bí ó ti rí láti jẹ́ ọmọ Yorùbá láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ní 1962 ó gba oyè Yunifásítì London ní ipò kìíní. Ọdún náà kò tíì parí tí ìjọba tún fi fi í ránṣẹ́ sí Imperial College ní London, ibẹ̀ ni ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1966.

Kí ni ó lọ kọ́ ní London? Gbígbọ̀n ni: bí ẹ̀rọ tó wúwo ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tó gbé e dúró. Ní 1965, òun àti ọ̀mọ̀wé kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, P. Grootenhuis, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Royal Society. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tí kò kan ará ilé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà 3,000 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Písítìnì inú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, písítìnì a dúró lẹ́ẹ̀mejì, a sì yí ojú padà. Ìyẹn ni pé nígbà 100 ni ó ń dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo bó ṣe ń dúró tó ń padà yìí ni ó ń gbún ilẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ibì kan ní alẹ́ fi ń rìn lọ sí ibòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ̀rọ bá wá tóbi, irú èyí tó ń ti epo rọ̀bì gba inú páìpù, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ẹ̀rín. Ilẹ̀ ní ìlù tirẹ̀ tó máa ń jó sí. Bí ìlù ẹ̀rọ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti ilẹ̀, ńṣe ni gbígbọ̀n náà yóò máa pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tó wà lórí jàǹgìlọ́fà ṣe ń ròkè sí i bí ẹni tó ń tì í bá mọ àsìkò tó yẹ kí ó tì í. Kì í ṣe agbára púpọ̀ ni ó ń ṣe é, àsìkò ni. Láìpẹ́ kọnkéré a sán, bóòtù a já. Ohun tí Awójọbí ń wá ni ọ̀nà tí a lè fi ìṣirò mọ̀ ṣáájú, kí a tó da kọnkéré sílẹ̀ rárá, bí ẹ̀rọ kan yóò ti gbọ̀n tó lórí irú ilẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Onne àti Trans-Amadi, tí ẹ mọ bí ilẹ̀ etí omi ti rọ̀ tó, ẹ kò ní sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà káàkiri ayé lóde òní tí eré ìje ọkọ̀ ti wọ̀ lára. Irú kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà títọ́ gbọnrangandan ni, ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, tí í ṣe nǹkan bíi 402 mítà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Ẹni tí kò lówó nínú wọn a lọ wá ẹ́ńjìnnì Volkswagen àtijọ́, irú ti ọkọ̀ tí àwa sọ ní ìjàpá, èyí tó jẹ́ pé atẹ́gùn ni ó ń tù ú, tí kì í lo omi. Yóò so tọ́bò mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré kan tí èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, kí ó lè máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí epo púpọ̀ lè ráyè jó. Agbára a dé lóòótọ́. Ooru náà a bá a dé, kò sì sí omi tí yóò gbé e lọ. Bí ó bá tún fi ìlọ́po méjì kún eré ẹ́ńjìnnì náà, láti 3,000 sí 6,000, ipá tí písítìnì fi ń fa ọ̀pá tó so ó ró kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Níbẹ̀ ni ọ̀pá ti ń ṣẹ́, tí yóò sì dá ihò sí ara ẹ́ńjìnnì. Olówó lè ra ẹ̀yà tó le kí ó fi bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò lówó, ìṣirò ni yóò fi dípò owó. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Awójọbí kò kọ́ ọkọ̀ ìje, inú ẹgbẹ́ àwọn ẹni ìkẹyìn yìí ni mo kà á sí: ohun tó wà nílẹ̀ ni ó mú, ó sì fi orí ṣe ohun tí owó ìbá ṣe.

Ní 1966 ó padà sílé, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akoka. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Dead Easy, nítorí ìṣirò tó bá ń kó àwọn ẹlòmíràn láyà jẹ, ohun tó rọrùn bí ẹ̀kọ gbígbóná ni lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ mìíràn tí wọ́n tún ń pè é ni Òmìrán Akoka. Ó tún lọ sí London láti parí ìwádìí rẹ̀ lórí gbígbọ̀n, nígbà tó sì di 1974 wọ́n fi oyè D.Sc. dá a lọ́lá ní Imperial College. Oyè yìí ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n ń fún, pàápàá ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ọmọ ọdún 37 ni Awójọbí, òun sì ni a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á níbẹ̀ nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún kan náà ni Yunifásítì Èkó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ni mo fẹ́ kà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà inú yín yóò rántí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ Àjíǹde ni ó bọ́ sí. Títí di ọjọ́ náà, apá òsì ọ̀nà ni a ń wa ọkọ̀ gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, a bọ́ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn aládùúgbò wa ní Dahomey, tó di Orílẹ̀-èdè Benin lẹ́yìn náà, àti ní Níjẹ̀ àti Kamẹrúùnù. Òfin yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò yí ọkọ̀ padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ìtọ́kọ̀ wọn, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sitiárí, wà ní ọwọ́ ọ̀tún síbẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ títí yóò fi yọ gbogbo ara ọkọ̀ síta. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá a wòran bóyá ọ̀nà mọ́. Ẹ̀mí mélòó ló bá irú bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Olówó ta tirẹ̀, ó ra òmíràn. Mẹ̀kúnnù ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń gbàdúrà. Ọkọ̀ tí Awójọbí àti ẹbí rẹ̀ ń lò jẹ́ Opel Olympia Rekord, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní àwọn ọdún 1970 náà, ó tú u, ó sì gbé ìtọ́kọ̀ náà lọ sí ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ rí lè rò pé kí a yọ nǹkan kúrò níhìn-ín kí a fi sí ọ̀hún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìtọ́kọ̀ bá kúrò ní ààyè rẹ̀, bíréékì gbọ́dọ̀ bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bá a lọ, ohun tí a fi ń tẹ epo náà yóò lọ. Àwọn aago iwájú awakọ̀ yóò ṣí, irin tó wà láàárín awakọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ni a óò dá ihò tuntun sí, a óò sì dí ti àtijọ́. Èyí tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àpótí tó ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ènìyàn bá kàn gbé e sí òdìkejì láìronú, ó lè yí ọwọ́ sí ọ̀tún kí ọkọ̀ ya sí òsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Awójọbí gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì wà wọ́n gba ìgboro Èkó. Lójú tèmi, kò sí ìwé ẹ̀rí tó jùyẹn lọ.

Ọkọ̀ yìí ni ó fi dá ara rẹ̀ lára yá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó wá kọjú sí ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ó mú jíìpù kan, irú èyí tí àwọn ológun ń lò. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé jíà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni a fi ń fà sẹ́yìn, ó sì lọ́ra bí ìgbín. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí kẹ̀kẹ́ eléyín méjì bá wọ ara wọn, ọ̀kan yóò yí sí ọ̀tún, èkejì yóò yí sí òsì. Bí a bá wá ki ẹ̀kẹta bọ àárín wọn, ibi tí èyí ìkẹyìn ń yí sí yóò padà. Ẹ̀kẹta yìí ni ó ń mú ọkọ̀ fà sẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kì í fi ju ọ̀kan sí i, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn sáré.

Awójọbí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ ogun nínú jíìpù lórí ọ̀nà tóóró, igbó ní ọ̀tún, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ní òsì. Ìbọn dún níwájú. Kí awakọ̀ tó lè ṣẹ́rí, yóò lọ síwájú díẹ̀, yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, yóò tún lọ síwájú. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni yóò sì kọ sí ọ̀tá ní gbogbo àkókò náà. Bí ó bá fi jíà ẹ̀yìn sá, kò ní ju eré ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ogun abẹ́lé tí a jà láti 1967 di 1970 ṣì gbóná lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà yẹn, pàápàá ní agbègbè tí a ti ń kọ ìwé yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ìṣòro náà. Ferret, ọkọ̀ onírin kékeré wọn, ní jíà márùn-ún tó lè fi lọ síwájú, àti márùn-ún náà tó lè fi padà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe Ferret láti ìpìlẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tí Awójọbí ṣe ni pé ó mú jíìpù tó ti wà, tí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú Ferret, ó sì tún un ṣe títí gbogbo jíà mẹ́rin tó bá lára rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì. Ó wá ìtọ́kọ̀ kejì, ó sì so ó mọ́ apá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà wá di ohun tí kò ní iwájú kò ní ẹ̀yìn: eré tó bá lè sá lọ, ni yóò lè sá bọ̀, kò sì ní ṣẹ́rí. Ẹ rántí ọkọ̀ ojú irin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Autonov 1 ni orúkọ tó fún un.

Ẹyọ kan nínú orúkọ náà fi hàn pé ó ní èkejì lọ́kàn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó gba Autonov kí wọ́n máa ṣe é fún títà. Ní 1975 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, tí ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Ojo, ní Èkó. Inú gbogbo wa dùn sí i nígbà náà, a sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àti jíà, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń dé nínú àpótí. Tiwa ni kí a tò ó. Ọkùnrin kan wà ní Akoka, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú jíà, tó sì tún un tò lọ́nà tí ẹni tó ṣe é kò rò. A kò pè é.

Owó kọ́ ni kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ yìí mọ ibi tí owó ti ń wá. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní 1958 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà lọ sí ọjà àgbáyé, nígbà tó sì di 1965 ilé-iṣẹ́ ìfọpo ti Alesa-Eleme ti ń ṣiṣẹ́. Láàárín ìparí 1973 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1974, iye owó epo lágbàáyé di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìbéèrè tó wá gba Awójọbí lọ́kàn ni ibi tí owó náà wọlé sí. Ó ṣe é bí ẹni tó ń ṣírò ẹ̀rọ: ó kó iye tó wọlé jọ, ó kó iye tó hàn sí gbangba jọ, ó sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ní 1982 ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀.

Nígbà yẹn ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú bámúbámú. Ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1979 ni ó fà á wọ̀ ọ́. Òfin sọ pé ẹni tí yóò di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni a ní nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Alhaji Shehu Shagari ní iye tó yẹ ní ìpínlẹ̀ 12. Ní ìkẹtàlá, tí í ṣe Kano, ó ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àjọ elétò ìdìbò ní ìyẹn tó. Awójọbí wà lára àwọn tó dìde pẹ̀lú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti sọ pé a kì í gé ìpínlẹ̀ bí a ti ń gé iṣu, pé 13 ni iye tí òfin ń béèrè. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ìdí ìbò náà múlẹ̀ fún Shagari. Onídàájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni kò fọwọ́ sí i.

Ẹlòmíràn ìbá padà sídìí ìwé rẹ̀. Awójọbí kò padà. Ó ń lọ láti yunifásítì dé yunifásítì, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, gbọ̀ngàn a sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní Akoka mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti ń bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè nínú ètò Mastermind, nítorí náà ojú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbikíbi tó bá dé. Lẹ́yìn ìdìbò 1983, ó gbé Ààrẹ Shagari lọ sílé ẹjọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń rojọ́ tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò dá a láre. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ológun gba ìjọba, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sì parí síbẹ̀.

Àwọn kan sọ nígbà náà, wọ́n sì tún ń sọ ọ́ lóde òní, pé ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ ṣòfò, pé ìbá dúró sídìí ẹ̀rọ. Èmi kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ọkọ̀ tó yí padà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á. Owó tó yẹ kí ó dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń wá kiri nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni lójú tèmi. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú wọn pé ọdún márùn-ún tó fi ń lọ sílé ẹjọ́ àti sórí pèpéle ìpàdé, a kò rí Autonov 2.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni Ayọ̀délé Awójọbí kú. Ọmọ ọdún 47 ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ òkèèrè ṣì ń tọ́ka sí ohun tó kọ lórí gbígbọ̀n nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ti wọlé dáadáa, bí wọ́n bá ń ṣírò bí ilẹ̀ yóò ṣe gbé ẹ̀rọ dúró.

Ní àkókò tí Babátúndé Fáṣọlá fi jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 2007 di 2015, ìjọba ṣe ọgbà kékeré kan ní ìrántí rẹ̀ ní Onike, ní Yaba, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí Èkó fún ọdún, bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó rí i. Àwọn ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí Akoka ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ di alẹ́, ìtọ́kọ̀ wọn wà ní ọwọ́ òsì.